Ògiri Tí Òjò Kò Gbọdọ̀ Kàn

Obìnrin tó bá fẹ́ mọ bí ọkọ rẹ̀ ti fẹ́ràn rẹ̀ tó, kó má wulẹ̀ bi í léèrè, nítorí ẹnu ọkùnrin dùn ju oyin lọ. Kó dúró kí òjò ṣú, kó wá wo ohun tí ọkọ náà máa kọ́kọ́ sáré gbé wọlé. Àwa tí a ti pẹ́ láàárín àwọn ará Nankani, lápá òkè Gánà lọ́hùn-ún, a mọ ìtàn Ayampoka dáadáa, a sì mọ̀ pé ìfẹ́ kò wọ́n nínú rẹ̀. Ohun tó wọ́n níbẹ̀ ni ẹni tí yóò sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ní gbangba.

Ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n fi pàdé. Wọ́n ti kó ọkà sínú àká, àwọn obìnrin sì ti ń po amọ̀ mọ́ ìgbẹ́ màlúù láti tún ara ògiri ṣe. Lọ́dọ̀ wọn, ọkùnrin ló ń mọ ilé, obìnrin ló ń kùn ún. Ọkùnrin tó bá dán an wò, wọn á fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí yóò fi sá lọ sí Kumasi. Yàrá ìyá rẹ̀ ni Ayampoka ń kùn lọ́jọ́ náà. Ìyẹ́ ẹyẹ awó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń fi í fa ìlà dúdú ara ejò kan yí ẹnu ọ̀nà ká, ó sì yọ ahọ́n sí igun ẹnu bó ti máa ń ṣe bí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lára. Ọ̀dọ́kùnrin kan ń ti kẹ̀kẹ́ lọ sí ọjà Bolga, ó so àwọn awó mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ náà. Ó dúró sójú ọ̀nà, ó ń wò ó.

"Ejò yìí ò ríran," ni ọ̀dọ́kùnrin náà wí.

Ayampoka kò bojú wẹ̀yìn. "Ojú ẹ ni ò ríran. Erè ni, kì í ṣe ejò lásán."

"Mo mọ̀ pé erè ni. Erè tó ń ṣọ́lé kì í kọ orí síta bí ẹni fẹ́ kó kúrò nílé. Ìyá mi ì bá ti kọ orí ẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà."

"Ìyá ẹ dà? Pè é kó wá yí i."

"Bí mo bá pè é wá, kò ní lọ mọ́. Á tún gbogbo ilé yín kùn. Azuma ni ìyá mi."

Ìgbà yẹn ni Ayampoka tó yíjú. Kò sí ọmọbìnrin tó mọ ilé kùn ní gbogbo agbègbè náà tí kò mọ orúkọ Azuma, òun fúnra rẹ̀ sì ti rìn lọ rìn bọ̀ níwájú ilé Azuma rí, tó ń díbọ́n pé òun ń wá ewúrẹ́. Ó wo ọmọ obìnrin náà látòkè délẹ̀. Eruku ọyẹ́ ti sọ ẹsẹ̀ rẹ̀ di funfun, eyín iwájú rẹ̀ kan ti ṣẹ́, ẹ̀rín rẹ̀ sì dára jọjọ.

"Kí lorúkọ ẹ?"

"Akolgo."

"Ó dáa, Akolgo. Awó ẹ kan ti tú."

Òótọ́ ni. Awó náà ti wọ oko ẹ̀pà lọ, àwọn méjèèjì sì lé e káàkiri títí Ayampoka fi fi ìró bò ó mọ́lẹ̀. Ìgbà tí wọ́n fi gbé e padà sórí kẹ̀kẹ́, wọ́n ti rẹ́rìn-ín débi pé kò sẹ́ni tó rántí ọjà mọ́. Nígbà tí Akolgo lọ tán, Ayampoka wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó fi amọ̀ bo orí erè náà, ó sì tún un yà, ó kọ ọ́ sẹ́nu ọ̀nà.

Láti ọjọ́ náà, ọjà Bolga kì í ná kí Akolgo má yà nílé wọn. Lónìí ó mú obì wá fún ìyá, lọ́la ó mú tábà wá fún bàbá. Bí kò bá sí ohun tó mú wá, á ní òùngbẹ ń gbẹ òun. Ìyá Ayampoka ní òun kò rí ọmọ tí òùngbẹ ń gbẹ tó báyìí rí láàárín ọyẹ́.

Lábẹ́ igi oṣè tó wà lẹ́yìn ilé ni wọ́n ti máa ń sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan Akolgo bi í pé kí ló fẹ́ láyé yìí gan-an.

"Mo fẹ́ ògiri kan," ni Ayampoka wí, "tí èèyàn máa ti ọ̀nà jíjìn wá wò, tí wọ́n á débẹ̀ tí wọ́n á ní, 'Ọwọ́ Ayampoka nìyí.'"

"Òjò sì máa fọ̀ ọ́ dànù."

"Kó fọ̀ ọ́. Mo máa ya òmíràn tó dáa jù ú lọ. Kí lo rò pé òjò wà fún?"

Akolgo rẹ́rìn-ín, ó ní òun kò tíì rí ẹni tí òjò ń bá ṣiṣẹ́ pọ̀ rí. Ṣùgbọ́n ó wò ó lójú nígbà tó ń sọ ọ́, Ayampoka sì rò pé ó yé e.

Lọ́dún kejì, obìnrin kan ti Kumasi dé. Ó ní ibì kan wà lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn obìnrin láti ya irú àwòrán yìí sórí aṣọ líle, tí wọ́n á gbé e kọ́ sára ògiri ní Akra àti ní ìlú òyìnbó, tí wọ́n á kọ orúkọ ẹni tó yà á sábẹ́ rẹ̀. Ó wo yàrá ìyá Ayampoka, ó ní ọmọ yìí ni òun fẹ́ mú lọ. Bàbá rẹ̀ ń họ orí. Ìyá rẹ̀ ní kó lọ, kó má bojú wẹ̀yìn. Ayampoka gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sábẹ́ igi oṣè.

Akolgo ń fi igi kékeré họ ilẹ̀. "Lọ, bó o bá fẹ́. Èmi ò lè dá ẹ dúró. Ṣùgbọ́n kí la fẹ́ fi aṣọ ṣe, Ayampoka? Gbogbo ilé wa ni ògiri ẹ. Yàrá àwọn ẹ̀gbọ́n mi, àká, ògiri ìta tó kọjú sọ́nà tí gbogbo ayé ń kọjá. Tìẹ ni. Ṣé o máa fi ògiri sílẹ̀ lọ máa ya orí aṣọ?"

Ẹni tí ìfẹ́ kò tíì mú ló máa bi í pé tèmi láti ìgbà wo, nígbà tí ìyá ẹ ṣì wà láàyè. Ayampoka kò bi í. Kì í ṣe òmùgọ̀, ó kàn fẹ́ràn rẹ̀ ni. Ó fẹ́ràn bó ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ilẹ̀ ló ń bá sọ ọ́, ó fẹ́ràn eyín tó ṣẹ́ yẹn, ọkàn rẹ̀ kì í sì í balẹ̀ bí ọjà bá tú tí kò yà. Obìnrin Kumasi padà lọ láìrí i mú lọ.

Wàyí o, Akolgo sọ fún ìyá rẹ̀ pé Ayampoka ni òun fẹ́ fẹ́. Azuma ní òun ti gbọ́, òun yóò sì ránṣẹ́. Abugre ló rán, bàbá àgbà kan tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ará ilé Akolgo, tí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ ilé Ayampoka, tó jẹ́ pé òun ni alárinà gbogbo wọn, tí kì í sì í ṣí ẹnu kí pitò, ọtí ọkà wọn, tó kan ọ̀fun rẹ̀. Ó mu igbá kan tán, ó nu irùngbọ̀n.

"Azuma ní ọmọ yín dáa," ó ní. "Ó ní ìwà ẹ̀ dáa, ẹsẹ̀ ẹ̀ dáa. Ọwọ́ ẹ̀ lòun ò fẹ́."

"Kí ló ṣe ọwọ́ ẹ̀?" ni ìyá Ayampoka bi í.

"Ó ti pọ̀ jù. Azuma ní ìlà méjì kì í jọ yí ẹnu ọ̀nà kan ká. Bó bá máa wọlé òun, kó fi ìyẹ́ ẹ̀ sílẹ̀ nílé bàbá ẹ̀. Á máa po amọ̀, á máa fi òkúta odò dán ògiri, á máa kun inú ìlà tí òun bá fà. Ẹni tó ń fa ìlà nílé yẹn, òun ni, títí ilẹ̀ á fi bo òun lójú. Èmi kọ́ ló sọ ọ́ o. Ẹnu lásán ni mo jẹ́."

"Lọ sọ fún un pé kò rí i gbé," ni ìyá Ayampoka wí.

Bàbá Ayampoka ní tirẹ̀ ti ń ronú nípa àwọn màlúù ilé Azuma, tí ara wọn ń dán. Ó ní kí wọ́n má kánjú, ó ní ìyá ọkọ kì í wà láyé títí.

Ayampoka pàdé Akolgo lábẹ́ igi oṣè. "Ṣé o gbọ́ ohun tí ìyá ẹ sọ?"

"Mo gbọ́."

"Ìwọ lo ní gbogbo ògiri jẹ́ tèmi."

"Tìẹ náà ni. Àgbàlagbà ni, Ayampoka. Ọwọ́ ẹ̀ ti ń wúwo. Fún un ní ìgbà díẹ̀. Ṣé nítorí ìlà lo fi máa kọ̀ mí?"

Bó ti béèrè rẹ̀ yẹn, ó dà bíi pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ayampoka ronú títí ìlà náà fi kéré lójú òun fúnra rẹ̀. Ó mú ìyẹ́ rẹ̀ lọ fún ìyá rẹ̀, ó ní kó bá òun tọ́jú rẹ̀. Nígbà tó yá, ó tẹ̀ lé Akolgo lọ sílé láìdágbére, bí àwọn ọmọbìnrin ibẹ̀ ti máa ń ṣe, Abugre sì gbé àkùkọ awó wá láti sọ fún àwọn òbí pé kí wọ́n má wá ọmọ wọn, kò sọ nù, ọ̀dọ̀ àwọn ló wà.

"Mo mọ ibi tó wà," ni ìyá rẹ̀ dáhùn. "Ara ẹ̀ ló wà lọ́dọ̀ yín. Ọwọ́ ẹ̀ ṣì wà níbí."

Azuma kì í ṣe ìkà. Ẹ jẹ́ ká sọ bó ti rí. Bí wọ́n bá pa ẹran, ó máa ń yọ ẹ̀dọ̀ fún ìyàwó ọmọ rẹ̀, nígbà tí Ayampoka sì bí ọmọbìnrin kan, Asibi, Azuma ló pọ̀n ọ́n dàgbà. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ó di ọ̀gá. Òun ló ń fa ìlà, Ayampoka àti Laadi, ìyàwó ẹ̀gbọ́n Akolgo, ló ń kun àárín rẹ̀ ní pupa, dúdú àti funfun. Laadi kò rí nǹkan kan nínú rẹ̀, iṣẹ́ ni lójú tirẹ̀, bí ẹni ń ro oko. Ayampoka ní tirẹ̀ máa ń rí ibi tó yẹ kí ìlà gbà kí Azuma tó fà á, ọwọ́ rẹ̀ á sì máa hún un.

Nígbà tí Asibi bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé, nǹkan funfun bẹ̀rẹ̀ sí í bo ẹyinjú Azuma. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó fa ìlà àká lọ́dún náà, ìlà méjì tó yẹ kó pàdé ní igun sì gba ẹ̀gbẹ́ ara wọn kọjá bí àwọn méjì tó ń bínú síra. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí àwọn yòókù tó jí, Ayampoka fa ìyẹ́ kan yọ lápá awó, ó fi amọ̀ pa ìlà wọ̀nyí rẹ́, ó sì tún wọn fà. Akolgo jáde wá tú màlúù, ó bá a níbẹ̀.

Ó wo àká náà pẹ́. "Ó dáa gan-an," ló sọ, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀.

"Ojú Ìyá ti ń lọ, Bàbá Asibi."

"Mo mọ̀." Ó súnmọ́ ọn, ó fi ìka nu àwọ̀ dúdú kúrò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. "Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́, má jẹ́ kí wọ́n mọ̀. Orúkọ yẹn nìkan ló ní. Máa bá a ṣe é, jẹ́ kó lọ pẹ̀lú orúkọ ẹ̀. Bó bá lọ tán, èmi fúnra mi ni n ó pe gbogbo ilé jọ, n ó ní, 'Ẹ wá wo ọwọ́ aya mi.'"

"O ṣèlérí?"

"Mo ṣèlérí."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é láti ìgbà náà. Azuma á jókòó sórí àpótí, á máa nawọ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún, Ayampoka á sì máa fa ìlà lẹ́yìn tí àwọn yòókù bá ti lọ pọnmi tàbí kó tó di pé wọ́n jí. Ara tù ú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, kò sì purọ́ fún ara rẹ̀ nípa èyí. Ó kéré tán, ó ń yàwòrán.

Ọdún tí Ayampoka kun ògiri ìta, èyí tó kọjú sí ọ̀nà, ni ó ṣe ohun tí kò ṣe irú rẹ̀ rí. Ó ya àfọ́kù igbá láti ìsàlẹ̀ dé òkè, kò sí èyí tó jọ èkejì, síbẹ̀ gbogbo wọn bára mu. Ó mọ erè ńlá sókè ẹnu ọ̀nà, ó kọ orí rẹ̀ sínú ilé. Wọ́n se èèpo èso irú títí omi rẹ̀ fi pọ́n, wọ́n fi ìgbálẹ̀ wọ́n ọn sára ògiri kó lè dán. Àwọn tó ń kọjá bẹ̀rẹ̀ sí í dúró. Lẹ́yìn náà ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dé láti Bolga, láti Akra, òyìnbó ń sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n fi ìyẹ́ sí Azuma lọ́wọ́, ìyẹ́ tí kò kan àwọ̀, wọ́n ń yà á ní fọ́tò. Akolgo dúró tì í, ó ń ṣàlàyé fún wọn. Ayampoka ń gbé omi tùtù fún àwọn àlejò, ó ń gbọ́ tí wọ́n ń ní, "Ọwọ́ Azuma nìyí."

Lọ́jọ́ kan táwọn méjì nìkan wà nílé, Azuma ní kó mú òun lọ síbi ògiri náà. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa á láti òkè dé ìsàlẹ̀, jẹ́jẹ́.

"Kì í ṣe ìlà mi," ó ní. "Ó dáa ju tèmi lọ."

Ayampoka bojú wo ẹnu ọ̀nà bóyá ẹnìkan ń bọ̀.

"Mo mọ̀ látọjọ́ àká yẹn. Ta ló máa fẹ́ kí wọ́n sọ fún òun pé òun ti fọ́jú?" Azuma tú etí ìró rẹ̀, ó mú òkúta odò tó fi ń dán ògiri láti ìgbà ọmọge rẹ̀ jáde, ó fi lé e lọ́wọ́. "Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún jẹ ẹ́ níyà nítorí pé ẹ̀rù ẹ ń bà mí. Bí mo bá lọ, gba ohun tó jẹ́ tìẹ. Má jẹ́ kí wọ́n rẹ́ ẹ jẹ."

"Ẹ sọ ọ́ fún wọn, Ìyá. Ẹ sọ ọ́ lójú Akolgo."

"N ó sọ ọ́," ni Azuma wí. Kò sì sọ ọ́. Òtútù mú un nígbà ọyẹ́, ó dùbúlẹ̀ díẹ̀, ó kú.

Wọ́n sin ín dáadáa. Wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n jó. Ayampoka sunkún rẹ̀ tọkàntọkàn, kò rò pé òun yóò sunkún tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọkà tún wọ àká tán, ó lọ bẹ̀rẹ̀ sí í wa amọ̀ pupa, nítorí òjò ti bó ara ògiri ìta díẹ̀, àsìkò sì tó láti ha á, kí òun tún un kùn lójú gbogbo ayé. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ amọ̀ dé, ó bá Akolgo pẹ̀lú àwọn káfíńtà, wọ́n ti rí òpó mọ́lẹ̀ níwájú ògiri, wọ́n ń kan páànù lé e lórí.

"Bàbá Asibi, kí lẹ ń kàn síwájú ògiri mi?"

"Ògiri Ìyá ni." Ojú rẹ̀ ń tàn. "Òjò ò ní kàn án mọ́. A fẹ́ fi igi yí ẹsẹ̀ ẹ̀ ká káwọn ewúrẹ́ má báa fara nù ún. Ọwọ́ Ìyá ò ní parẹ́ láyé."

Ó gbé apẹ̀rẹ̀ sílẹ̀. Ó dúró títí àwọn káfíńtà fi lọ jẹun. "Àwa méjì la wà níbí báyìí. Ta ló ya ògiri yẹn?"

Akolgo yíjú síbi àwọn màlúù. "Ìyá mi ni."

Ayampoka wá irọ́ lójú rẹ̀, kò rí i. Ìyẹn ló bà á lẹ́rù jù. Ọkùnrin náà ti sọ ọ́ fún òyìnbó, ó ti sọ ọ́ fún ará Akra, ó ti sọ ọ́ níbi òkú, ó ti wá sọ ọ́ fún ara rẹ̀.

"Ìlérí tó o ṣe fún mi ńkọ́?"

"Ìyá Asibi, òkú Ìyá ò tíì tutù tán. Jẹ́ ká sinmi ná."

Ó sinmi. Kò sí ohun tí obìnrin kì í ṣe bí ọmọ bá wà láàárín. Ṣùgbọ́n kò rí ilé kùn lọ́dún náà, nítorí Akolgo ní òun kò fẹ́ kí àwòrán mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìyá òun tí yóò dàrú mọ́ àwọn àlejò lójú. Iṣẹ́ ọwọ́ Ayampoka fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Nígbà tó ṣe, akọ màlúù kan já okùn, ó sì fi ìwo kọlu ògiri náà. Ibi tó bó sílẹ̀ tóbi, ó gba ọrùn erè dé orí. Àwọn àlejò pàtàkì ń bọ̀ wá ṣe ìrántí Azuma. Akolgo wá bá ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ìdáná.

"Bá mi ṣe é," ó ní. "Ṣe é bí Ìyá ti ṣe é."

Ayampoka rò ó, inú rẹ̀ sì dùn fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Ó ní òun yóò ṣe é, ṣùgbọ́n ọ̀sán gangan ni, kí gbogbo ilé sì wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá rí i tí ìlà tuntun bá ti àtijọ́ mu láìsí àmì ibi tí wọ́n gbé pàdé, afọ́jú gan-an yóò mọ ọwọ́ tó fa ti àkọ́kọ́. Wọ́n pé jọ: Laadi, àwọn ẹ̀gbọ́n ọkọ, àwọn àgbà ilé, àti Abugre. Ó mọ amọ̀ sí i, ó fi òkúta Azuma dán an, ó sì fa ìlà láti ọrùn dé orí láìgbé ọwọ́. Ó padà sẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó lè mọ ibi tí màlúù ti kàn án.

Ẹnu ya gbogbo wọn. Ayampoka yíjú sí wọn, ó ń retí.

Laadi gbé ọwọ́ lérí. "Ẹ wò ó," ó ní. "Ìyá ti wọ ọwọ́ ẹ̀."

"Òun ni," ni àgbà kan wí. "Azuma ò lọ jìnnà."

Wọ́n gbé pitò wá, wọ́n ta á sílẹ̀ níwájú ògiri, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Azuma. Akolgo kúnlẹ̀, ó ń sunkún, ó ń pe ìyá rẹ̀. Ayampoka dúró láàárín wọn, àwọ̀ dúdú dé ìgúnpá rẹ̀, kò sẹ́ni tó wo ojú rẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti wà lójú ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀. Asibi kò bá a lọ, nítorí ọmọ jẹ́ ti ilé bàbá, ilé-ìwé rẹ̀ sì wà níbẹ̀.

Ìyá rẹ̀ ti darúgbó. Ó wọ yàrá, ó mú ìyẹ́ àtijọ́ yẹn jáde láti inú igbá, ó fi lé e lọ́wọ́.

Abugre gbé obì àti awó dé bí ti àtijọ́, ó tún mu pitò rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Ayampoka ní kó má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, kí ẹni tó ni ọ̀rọ̀ wá fúnra rẹ̀. Akolgo wá. Abẹ́ igi oṣè ni wọ́n jókòó sí, ó sì tún ń fi igi họ ilẹ̀.

"Mo mọ̀, Ayampoka," ó ní.

"Kí lo mọ̀?"

"Mo mọ ọwọ́ tó yà á."

"Sọ orúkọ ẹ̀."

Akolgo fi ẹsẹ̀ pa ohun tó họ sílẹ̀ rẹ́. "Bí mo bá sọ ọ́ nísinsìnyí, kí ni wọ́n á máa pe ìyá mi?"

"Èmi ò ní kó o sọ ọ́ mọ́. Mi ò ní kó o pe ìyá ẹ lópùrọ́, èmi náà fẹ́ràn ẹ̀. Yọ páànù yẹn ṣáá. Jẹ́ kí òjò fọ̀ ọ́ bó ti ń fọ ti gbogbo èèyàn. Ní ẹ̀ẹ̀rùn n ó ya òmíràn, kí wọ́n rí i pé Ìyá ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo yà á. Ìyẹn nìkan. Bó o bá yọ ọ́, n ó padà wá sílé lọ́jọ́ náà."

Omi dà lójú Akolgo, kì í sì í ṣe omi ẹ̀tàn. "Ògiri yẹn nìkan ló kù tí mo ní lọ́dọ̀ Ìyá."

"Èmi ńkọ́?"

"Ìwọ wà láàyè," ni Akolgo wí. "Ìwọ lè ní sùúrù."

Ó fẹ́ràn rẹ̀ o. Títí dòní, bí ẹ bá bi í, á ní òun kò fẹ́ obìnrin mìíràn, kò sì fẹ́. Ó dìde, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ, Ayampoka sì ń wò ó títí eruku fi bò ó.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn náà, ó kun yàrá ìyá rẹ̀. Orí erè tó yà, ìta ló kọ ọ́ sí bí ti ìgbà ọmọge rẹ̀. Kò sí ọkọ̀ tó yà. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ dé, ó jáde sí i, ó dúró ó ń wo bí pupa ti ń ṣàn wọnú dúdú, tí erè ń yọ́ lọ sílẹ̀. Omi kan dà lójú rẹ̀ mọ́ ti òjò. Abugre ń kọjá lọ, ó ya sábẹ́ àká láti fara pamọ́.

"Ó ti yọ páànù náà bí?" ni Ayampoka bi í.

Abugre mi orí. "Ògiri wọn gbẹ."

Nígbà tí wọ́n gbin ọkà tán, ó di ẹ̀pà àti òrí sínú igbá, ó lọ wo ọmọ rẹ̀. Ọkọ̀ àwọn àlejò wà níwájú ilé. Asibi ló dúró lábẹ́ páànù pẹ̀lú aṣọ ilé-ìwé lọ́rùn, ó ti ga, ó sì mú ọ̀pá dání tó fi ń tọ́ka sára ògiri. Ó ń sọ̀rọ̀ geerege, ojú kò tì í rárá.

"Ìyá bàbá mi ló yà á," ó ń sọ fún wọn. "Azuma lorúkọ wọn. Kò sẹ́ni tó lè ya irú ẹ̀ mọ́."

Ayampoka dúró lẹ́yìn àwọn àlejò. Láti ibẹ̀ ló ti rí i pé ìlà kan ti fẹ́ máa bó lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà. Kò mọ ìgbà tí òun sún mọ́ ọn, ọwọ́ rẹ̀ ti nà kó tó mọ̀.

"Ìyá," ni Asibi rọra wí, ohùn rẹ̀ wálẹ̀ kí ó má bàa dójú tì í níwájú àlejò, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án. Bàbá ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án."

Ayampoka ká ọwọ́ rẹ̀ kúrò.